Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ẹ̀ẹ̀mẹrin Lẹ Tún Ọkọ̀ Mi Ṣe, Omi Ṣì Ń Jò

Sùúrùlérè, Èkó
17 November 2025

Sí Ọ̀gá Àgbà àti Ọ̀gá Ẹ̀ka Àtúnṣe,
Victoria Island, Èkó

Ẹ̀yin ọ̀gá,

Ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mo ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dúdú onílẹ̀kùn mẹ́rin, ẹlẹ́ńjìnnì V8, tí mo rà ní tíà rọ́bà lọ́wọ́ yín ní March 2023. Fáìlì mi wà lọ́dọ̀ yín. Ímeèlì márùn-ún ni mo ti kọ sí yín ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún tó kọjá, èsì kan náà ni mo sì ń rí gbà: pé ẹ dúpẹ́ tí mo kàn sí yín, pé ẹ máa pè mí padà. Ẹ ò pè. Ìdí nìyí tí mo fi kọ èyí ní èdè tí a jọ ń sọ nígbàkígbà tí mo bá wá jókòó ní ọ́fíìsì yín, kí n lè sọ ọ́ bó ṣe ń dùn mí gan-an.

Ọkọ̀ náà ń jo omi ẹ́ńjìnnì. Ó ti ń jò ó láti ọdún àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ti gbà á wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ ti ní ó ti dáa, ẹ kò sì fi ìgbà kan wá ibi tí omi náà ń gbà jáde. Wáráńtì ọdún mẹ́ta tí ẹ fún mi máa parí ní March 2026, oṣù mẹ́rin péré sí ìsinsìnyí. Nínú ọdún mẹ́ta yẹn, ọjọ́ 147 ni ọkọ̀ náà fi wà nínú gáréèjì yín.

Bí mo ṣe mọ iye ọjọ́ náà nìyí. Bàbá mi wa Peugeot 504 fún ọdún méjìdínlógún, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná. Ìwé pélébé kan wà nínú ọkọ̀ náà tí kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ọ̀lì, ọjọ́ tí wọ́n ra pọ́lọ́ọ̀gì, ọ̀nà tí ọkọ̀ ti rìn, gbogbo rẹ̀ ni bàbá mi ń kọ sínú rẹ̀. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo déètì tó wà nínú lẹ́tà yìí wà nínú ìwé mi, ó sì bá ìwé iṣẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín ń tẹ̀ fún mi mu.

Ní October 2023, nígbà tí ọkọ̀ náà kò tíì rìn ju 6,200 kìlómítà lọ, mò ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ṣágámù nígbà tí iná ẹ́ńjìnnì tàn, tí agbára ọkọ̀ sì já lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tẹ iná mọ́lẹ̀, kò lọ. Tírélà wà níwájú mi, òmíràn wà lẹ́yìn, ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé kì í ṣe ibi téèyàn ti ń rọra rìn láàárín wọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ fi wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ ní sẹ́ńsọ̀ ni, ẹ pa kóòdù ìkìlọ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rẹ́, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà.

Ní April 2024, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ Sátidé kan, mo sì rí i pé omi inú ike rédíétọ̀ ti lọ sílẹ̀ kọjá àmì ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ táútáú níbi tí mo páàkì sí. Ẹ lo ọjọ́ 23, ẹ pààrọ̀ páǹpù kékeré oníná tó ń gbé omi lọ sí tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀. Ìwé iṣẹ́ yẹn wà níwájú mi báyìí. Kò sí ìlà kan nínú rẹ̀ tó sọ pé ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò bóyá páǹpù náà ló ń jò lóòótọ́.

Ti November 2024 ni mi ò lè gbàgbé. Ìyá mi, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ni mo gbé sẹ́yìn, à ń lọ rí dókítà ojú ní Erékùṣù. Sunkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa lórí Third Mainland Bridge. Òórùn kan kọ́kọ́ wọlé látinú ihò ẹ̀rọ amúlétutù, ó ń dùn bíi ṣúgà tó ń jóná. Ìyá mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó ní, "Dákun, kí ló ń jó?" Kí n tó dá a lóhùn, ìkìlọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù ti jáde, ó ní kí n dúró kíá kí n sì pa á. Afárá tó gùn ju kìlómítà 11 lọ ni, kò sí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lórí rẹ̀. Mo mú ìyá mi sọ̀ kalẹ̀, mo fà á mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin afárá, ọkọ̀ ńlá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Kọ́ńdọ́ danfo kan ló ṣàánú wa, ó ní kí ìyá mi wá jókòó níwájú lọ́dọ̀ dẹrẹ́bà, wọ́n gbé e dé Adéníji Adélé, wọn kò gba kọ́bọ̀. Èmi dúró ti ọkọ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì tó wà nínú ìwé wáráńtì yín ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Wákàtí mẹ́ta kọjá kí ọkọ̀ tó máa wọ́ ọ tó dé, ₦85,000 sì ni mo san lápò ara mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé wáráńtì ní ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá mi kò tíì wọ ọkọ̀ náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Kì í ṣe pé ó ń bínú sí mi. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Ọjọ́ 41 ni ẹ lò lórí ìyẹn. Nígbà tí mo dé láti wá gbé e, ẹ nawọ́ ìwé owó sí mi: ₦2,850,000, fún fífọ táǹkì àti pípààrọ̀ ínjẹ́kítọ̀, ohun tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ ní epo bẹntiróòlù burúkú ni mo rà, ẹ ní wáráńtì kò kan epo. Mo san án torí pé ẹ ní ẹ ò ní fi ọkọ̀ sílẹ̀ bí mi ò bá san. Ọ̀rọ̀ epo yìí ni mo fẹ́ kí a jọ fara balẹ̀ wò, torí òun lẹ fi ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi láti ìgbà náà.

Mi ò sọ pé kò sí epo burúkú nílẹ̀ wa. Gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní February 2022, nígbà tí epo tí methanol ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, tí mọ́tò ń kú káàkiri ìgboro. Àmọ́ àyẹ̀wò ni wọ́n fi mọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, ibo ni èsì àyẹ̀wò epo tó wà nínú táǹkì mi wà? Mo béèrè fún un lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ kò fún mi. Mo béèrè fún ínjẹ́kítọ̀ àtijọ́ tí ẹ yọ, ẹ ní wọ́n ti dà á nù. Ilé epo kan ṣoṣo ni mo ti ń rà, mo ní àwọn risíìtì rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ìyàwó mi ti ń ra ti ọkọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ la ti ń ra èyí tí a ń bù sí jẹnẹrétọ̀ ilé. Jẹnẹrétọ̀ kò kú. Ọkọ̀ ìyàwó mi kò kú.

Ká tiẹ̀ gbà pé epo náà burú. Epo burúkú lè ba ínjẹ́kítọ̀ jẹ́, ó lè mú kí ẹ́ńjìnnì máa gbọ̀n, kó máa já. Epo burúkú kì í gbẹ omi rédíétọ̀. Omi ló tán lórí afárá lọ́jọ́ náà, ó wà nínú ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ sílẹ̀, ẹ sì bù ú kún kí ẹ tó dá a padà fún mi. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ní June 2025 ó tún ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 74 ni ọkọ̀ fi jókòó. Ẹ ní nǹkan tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ ń bọ̀ láti òkè òkun, ẹ ní ó ti dé Apápá, ẹ ní ó ku kí wọ́n tú u sílẹ̀. Nígbà tó dé, ìdérí ike omi àti tẹ́mósítáàtì ni. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn ẹ kò fún mi ní ọkọ̀ kankan gùn. Kábúkábú ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, ọkọ̀ tí mo fi owó tó tó ra ilẹ̀ rà sì wà lọ́dọ̀ yín, eruku ń bò ó.

Ní 29 October, iná náà tún tàn. Láàárín September sí ọjọ́ yẹn, mo ti bu líta mẹ́ta omi ẹ́ńjìnnì sí i, irú èyí tí ìwé ọkọ̀ ní kí n lò gan-an. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò gbé e wá. Mo pe ẹlẹ́rọ kan wá sílé, ojú mi ló fi ṣiṣẹ́. Kò tú nǹkan kan, kò yọ bóòtì kan. Ó ṣí ìdérí ike omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ó so páǹpù ìdánwò mọ́ ọn, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí tó fi dé 1.4 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́), a wá dúró. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú ó ti wálẹ̀ sí 0.9. Ó ti kámẹ́rà tín-ín-rín sí àárín ẹ́ńjìnnì, lábẹ́ tọ́bò, a sì rí ibi tí omi ti ń jò tó ti gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ páìpù. Fọ́tò méje àti fídíò rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Gbogbo ìdánwò náà kò gba wákàtí kan.

Ìdí tí ilẹ̀ fi máa ń gbẹ nìyẹn. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, àwọn tó ṣe é gbé tọ́bò méjèèjì sí àárín, láàárín apá méjèèjì ẹ́ńjìnnì tó yà bíi lẹ́tà V, kí èéfín gbígbóná má baà rìn jìnnà kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ọkọ̀ lè tètè dáhùn béèyàn bá tẹ iná. Ọgbọ́n ni. Àmọ́ ibẹ̀ ló gbóná jù lára ẹ́ńjìnnì, páìpù omi sì gba ibẹ̀ kọjá. Béèyàn bá ń sáré, atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé. Béèyàn bá wà nínú go-slow, ooru náà dúró síbẹ̀. Omi tó bá jò níbẹ̀ ti di oru kó tó kán sílẹ̀.

Ẹ ti sọ fún mi rí pé ooru àti go-slow Èkó le jù fún irú ọkọ̀ yìí. Ẹ̀yin ọ̀gá, Èkó lẹ ti tà á fún mi. Kí n tó san owó, mo sọ fún ẹni tó ta á fún mi pé láti Sùúrùlérè ni mo ti ń lọ sí Marina lójoojúmọ́, ó sì ní kò séwu.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rọ yín sọ òótọ́ fún mi. Mi ò ní sọ ẹni tó jẹ́, ẹ má sì wá a, torí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n tó dé ibi páìpù yẹn, tọ́bò gbọ́dọ̀ jáde, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe ọkọ̀ kí ẹ tó ṣe é lábẹ́ wáráńtì. Bó bá jẹ́ pé wàhálà àṣẹ yẹn lẹ ń sá fún, ẹ sọ fún mi. Ẹ má ṣe máa pa kóòdù rẹ́ kí ọjọ́ lè máa lọ.

Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yìí. Nígbà tí ara rẹ̀ bá yá, kò sí ọkọ̀ tí mo wà rí tó dà bíi rẹ̀. Láti ìdúró dé 100 kìlómítà ní wákàtí, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ni, síbẹ̀ ìyá mi lè sùn lẹ́yìn láìmọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kó owó rẹ̀ jọ. Mo lè ra tòkunbọ̀ ní ìdajì owó náà. Wáráńtì yín ló jẹ́ kí n ra tuntun.

Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ẹ ṣe ìdánwò 1.4 bar yẹn lójú mi, kí ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ tú tọ́bò, kí ẹ sì pààrọ̀ àwọn páìpù àti rọ́bà tó wà lábẹ́ rẹ̀ láìgba owó. Kí ẹ dá ₦2,850,000 àti ₦85,000 padà, àyàfi bí ẹ bá lè fi èsì àyẹ̀wò epo hàn mí. Ọjọ́ 147 tí wáráńtì fi ń lọ nígbà tí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi kún un, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé, torí mi ò lo ọkọ̀ ní àwọn ọjọ́ yẹn. Ẹ fún mi ní ọkọ̀ tí mo máa gùn títí iṣẹ́ á fi parí. Bí omi bá tún jò lẹ́yìn èyí, kí ẹ gba ọkọ̀ yín, kí ẹ dá owó mi padà.

Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 sọ pé ọjà tí a bá rà gbọ́dọ̀ dára, kó wà ní ipò tó ṣeé lò, kó má ní àbùkù, kó sì pẹ́ dé ìwọ̀n tó yẹ. Mo ti tò gbogbo ìwé jọ fún FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà. Mi ò tíì fi ránṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo fún yín, ìyẹn títí di 1 December.

Ọkọ̀ náà wà nínú ọgbà ilé mi, mi ò wà á. Ẹ má ṣe ní kí n wà á wá, ẹ rán ọkọ̀ tó máa gbé e sẹ́yìn. Mo máa ń wà nílé láàárọ̀ Sátidé, títí di aago méjìlá. Kí ẹni tó bá ń bọ̀ mú páǹpù ìdánwò dání.

Èmi ni oníbàárà yín,
Ẹni tó ni ọkọ̀ náà