Iyè Màmá Mi Kò Ṣàdédé Ra

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Òkè-Àdó níbí, ní Ìbàdàn, mo sì ti pé ẹni ọdún 57. Gbólóhùn kan tí mo gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu oníbàárà mi kan, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá kan níbi ìsọmọlórúkọ, mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu ìbátan wa kan tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní: “Ọjọ́ ogbó ni. Kò sí arúgbó tí kì í ṣarán.” Màmá mi ni wọ́n ń bá wí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nínú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí, torí mo mọ arúgbó tí kò ṣarán. Ìyá tó bí Màmá mi gan-an ni.

Ìdíkàn ni Ìyá Àgbà gbé títí wọ́n fi kú lọ́dún 2016. A ò ní ìwé ọjọ́ ìbí wọn, ṣùgbọ́n bí a bá fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn, wọn ò dín ní 90. Ẹ̀kọ ni wọ́n ń tà. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n máa kú, wọ́n ṣì ń ka iye tí àwọn aládùúgbò jẹ wọ́n lórí ẹ̀kọ, ta ló jẹ ẹ́, ọjọ́ wo ló jẹ ẹ́, irọ́ wo ló sì pa lọ́jọ́ náà. Wọn ò wọ ilé ìwé rí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Wọn ò sì dá nìkan sùn rí láyé wọn. Nínú agboolé yẹn, bí ọmọ-ọmọ kan bá kúrò lórí ẹní wọn, òmíràn á dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Ìdíkàn dáadáa á rántí àwọn tó ń ti Yunifásítì Ìbàdàn wá láti ọdún 1992, tí wọ́n ń wọlé jáde lójúlé-lójúlé, tí wọ́n ń bi àwọn arúgbó léèrè ọ̀rọ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà. Arábìnrin tó wá náà ní kí Ìyá Àgbà kọ́kọ́ nawọ́ sí fèrèsé, kí wọ́n tó nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń fi òòlù ṣe. Ó béèrè ibi tí ọjà wà. Ìyá Àgbà wò ó títí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, àlejò ni ọ́ ní Ìbàdàn ni?” Lẹ́yìn náà ló wá pe èmi sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó ń bi mí bóyá Ìyá Àgbà máa ń gbàgbé ibi tí wọ́n bá kó nǹkan sí, bóyá ìwà wọn ti yí padà. Mo dáhùn, mo sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mi ò mọ ohun tí ó wà fún.

Ọmọbìnrin mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ló là mí lóye ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ìbàdàn ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, pẹ̀lú àwọn dókítà láti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà. Ọ̀ṣúntókun kú lọ́dún 1995, ṣùgbọ́n àwọn tó kù bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì ń bá a lọ. Wọ́n fi àwọn arúgbó Yorùbá ní Ìbàdàn wé àwọn arúgbó aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis, ẹni ọdún 65 sókè níhà méjèèjì. Nígbà tí àbájáde jáde lọ́dún 2001, nínú 1,000 arúgbó, nǹkan bíi 13 sí 14 ni àrùn ìgbàgbé ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún kan ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, nǹkan bíi 32.

Mo ní kó tún un kà. Àwọn ará Indianapolis yẹn, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí náà ni ọ̀pọ̀ baba ńlá wọn ti lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti sísanra jù pọ̀ láàárín tiwọn ju tiwa lọ nígbà náà. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ogbó nìkan ni, kí ló dé tí ogbó ibẹ̀ fi ń mú ìlọ́po méjì ogbó ibí?

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro ayé Màmá mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nǹkan bí ọdún 1945 ni wọ́n bí wọn. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January ọdún 1955, Màmá ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, igbá ẹ̀kọ ti wà lórí wọn. Àbúrò wọn ọkùnrin ni wọ́n mú lọ sílé ìwé. Wọ́n ní ọjọ́ orí Màmá ti kọjá, pé obìnrin ni, pé ta ni yóò máa kiri ẹ̀kọ. Màmá sọ ìtàn yìí fún wa títí a fi dàgbà, bákan náà ni wọ́n sì ṣe máa ń parí rẹ̀, pé àwọn máa ń dúró lábẹ́ fèrèsé kíláàsì láti gbọ́ orin tí wọ́n ń fi kọ́ ìṣirò. Ọmọ mi ní ilé ìwé nígbà èwe wà lára ohun tó ń dáàbò bo ọpọlọ lọ́jọ́ alẹ́. Bí àjọ ló ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: ohun tí ọpọlọ bá dá nígbà èwe ló máa kó nígbà tí agbára bá ń tán. Ẹ lè sọ pé Ìyá Àgbà náà kò kàwé. Bẹ́ẹ̀ ni. Nǹkan kan ṣoṣo kọ́ ló ń fà á.

Màmá kò tẹ̀lé iṣẹ́ ẹ̀kọ. Ọdún 31 ni wọ́n fi lọ ata ní Mọ́kọ́lá. Ẹ̀rọ ìlọta méjì, inú ṣọ́ọ̀bù tí kò tó yàrá kan, èéfín dísẹ́ẹ̀lì láti àárọ̀ di alẹ́. Owó ata yẹn ni wọ́n fi rán èmi àti àwọn àbúrò mi mẹ́ta nílé ìwé. Nígbà tí wọ́n máa fi tó ẹni ọdún 55, bí ẹ bá bá wọn sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, wọn ò ní í dáhùn. A kàn ń pariwo ni. Kò sí ẹni tó ní ká lọ yẹ etí wọn wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà wà, a mọ̀, wọ́n ń lo oògùn bí orí bá ń fọ́ wọn, bí kò bá fọ́ mọ́, wọ́n á dá a dúró.

Bàbá mi kú lọ́dún 2014. Ibi tí a ti ṣe Màmá ní ibi tí kò ṣeé tún ṣe nìyẹn, ìfẹ́ la sì fi ṣe é. Àbúrò mi ọkùnrin ní kò tọ́ kí ìyá òun ṣì máa lọ ata. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Gbogbo wa fọwọ́ sí i, èmi gan-an ni mo di ẹrù wọn. A ta ẹ̀rọ ìlọta, a gbé Màmá lọ sí fúláàtì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìpájà, l’Ékòó. Tẹlifíṣọ̀n wà, fíríìjì kún. Àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ á jáde laago márùn-ún ìdájí, wọ́n á ti géètì, ó di aago mẹ́jọ alẹ́. Màmá tó ń kí ọgọ́rùn-ún èèyàn kí oòrùn tó mú wá ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tí wọn ò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Lọ́dún 2018, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ló dé tí Ìyá Àgbà ò tíì jẹun, ọdún méjì lẹ́yìn tí a sin wọ́n. Wọ́n ń jí lóru, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn àwọn ayálégbé, pé níbo ni wọ́n gbé ẹ̀rọ òun sí, àwọn oníbàárà ti dúró. Ẹnì kan nínú ilé náà ló kọ́kọ́ pè wọ́n ní àjẹ́. Àbúrò mi gbé wọn lọ sí ilé àdúrà kan, ọjọ́ 21 ni wọ́n lò níbẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ ń ní kí Màmá jẹ́wọ́. Nígbà tí mo lọ mú wọn, wọ́n ti rù, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé àwọn ò mọ ohun tí àwọn ṣe, kí n bá àwọn bẹ̀ wọ́n. Mi ò lè kọ èyí kí omi má bọ́ lójú mi.

Ní ilé ìwòsàn tí mo gbé wọn lọ n’Íbàdàn, ẹ̀jẹ̀ wọn ru dé 190 lórí 110. Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ wọn, àwọn ibi kéékèèké wà níbẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé dáadáa mọ́. Dókítà náà kò sọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ló béèrè, ó béèrè etí wọn, ó béèrè ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lójúmọ́. Ìyẹn nìkan ló jẹ́ ìbéèrè tí mi ò rí ìdáhùn fún.

Mo ti wá mọ̀ pé kì í ṣe dókítà yẹn nìkan ló ń béèrè bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣe láàárín àwọn arúgbó ilẹ̀ Yorùbá, èyí tó jáde lọ́dún 2011, fi hàn pé àrùn yìí ń mú àwọn tí kì í bá èèyàn da nǹkan pọ̀ ju àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2024, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìṣègùn Lancet yàn ka nǹkan 14, wọ́n ní bí a bá lè mú gbogbo wọn kúrò, nǹkan bíi 45 nínú 100 àrùn ìgbàgbé lágbàáyé ni kò ní í ṣẹlẹ̀ tàbí kó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tí ọmọ mi ń kà á sókè, mo ń fi ìka ka ti Màmá: àìkàwé, etí dídi, ẹ̀jẹ̀ ríru, èéfín, ìdánìkanwà. Ọlọ́run nìkan ló mọ èyí tó wúwo jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ àjẹ́.

Ọ̀dọ̀ mi ni Màmá wà báyìí. Wọn ò padà sí bí wọ́n ṣe wà, mi ò ní í parọ́ fún yín. Àwọn ọjọ́ kan wà tí wọ́n ń pè mí ní orúkọ àbúrò wọn. Mo ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sétí wọn, owó rẹ̀ ju ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ fi sí i, ẹyẹ ni wọ́n ní àwọn ń gbọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í wọ́n wọn láàárọ̀. Wọ́n ń bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń ṣa bọ́tìnì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, funfun lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀. Àwọn oníbàárà ń kí wọn, wọ́n sì ń dáhùn. Wọn ò jí lóru wá ẹ̀rọ ìlọta bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Olóòtú, ẹ bá mi sọ fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n máa yẹ etí àti ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wò nínú ọjà, kí wọ́n tó di arúgbó, pàápàá àwọn alọta, àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn tó ń gé pákó. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ tó fẹ́ tọ́jú ìyá wọn bíi tiwa, pé kí wọ́n tó ta igbá ọjà ìyá, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìyá ná.

Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta láti aago mẹ́rin, àwọn ìyá mẹ́ta míì ń wá jókòó ti Màmá ní ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ń ṣa bọ́tìnì, wọ́n ń kọ orin àtijọ́, wọ́n ń bára wọn jiyàn. Ẹni tó bá ní ìyá tàbí bàbá tí ilé ti há mọ́ ní àdúgbò wa yìí, kó mú wọn wá. Bẹ́ǹṣì náà gùn.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aránṣọ,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.