Kí ẹ tó ní ká lọ ra kọ́míìkì, ẹ wo lẹ́tà inú rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú ìwé tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé tuntun ń ṣe wá láǹfààní, pàápàá láti ìgbà tí ẹ ti ń fi kọ́míìkì àti ìwé ìtàn aláwòrán kún un. Àléébù tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí ẹ máa ń kọ nípa wọn kì í ju orúkọ ìwé, orúkọ òǹkọ̀wé àti "àwòrán rẹ̀ rẹwà" lọ. Ẹni tó fẹ́ yọ owó lápò kò lè fi ìyẹn ṣe nǹkan kan. Kò mọ̀ bóyá apá kìíní ni tàbí apá keje, kò mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ lè kà á, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ bóyá lẹ́tà inú rẹ̀ á ṣeé rí.

Apá ìwé ló ń kó àwọn òǹrajà sí wàhálà jù. Ẹ wo Aya, tí Marguerite Abouet kọ, tí Clément Oubrerie sì yà. Ìtàn àwọn ọmọbìnrin Yopougon, àdúgbò kan ní Abidjan nílẹ̀ Côte d'Ivoire, ni, ìwé gidi sì ni. Èdè Faransé ni wọ́n kọ́kọ́ fi gbé e jáde ní 2005, ó sì gba ẹ̀bùn ìwé àkọ́kọ́ níbi àjọ̀dún kọ́míìkì Angoulême nílẹ̀ Faransé ní 2006. Apá mẹ́fà ló kọ́kọ́ ní. Nígbà tó dé èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tẹ mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú ìdì kan tó ń jẹ́ Aya: Life in Yop City ní 2012, tí wọ́n sì kó mẹ́ta tó kù sínú Aya: Love in Yop City ní 2013. Ẹni tó ti ra èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀, tó tún rí ìdì yìí ní ṣọ́ọ̀bù, ìwé kan náà ló máa sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2022 ni Abouet padà sídìí ìtàn náà pẹ̀lú apá keje, tí wọ́n ń pè ní Aya: Claws Come Out lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá wá kọ ọ́ pé "Aya tuntun ti dé," ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ á bọ́ sáàárín ẹbí tí kò mọ bàbá kò mọ ìyá nínú wọn. Gbólóhùn kan péré ni ìbá yanjú ẹ̀: apá keje ni, ẹni tí kò bá kà á rí, kó fi Life in Yop City bẹ̀rẹ̀.

Bákan náà ni LaGuardia tí Nnedi Okorafor kọ, tí Tana Ford yà. Ìwé pẹlẹbẹ mẹ́rin ló kọ́kọ́ jẹ́, láti ìparí 2018 wọ 2019, kí wọ́n tó dì í pọ̀. Ìdì yẹn ló gba ẹ̀bùn Hugo àti ẹ̀bùn Eisner ní 2020, òun náà sì ni kí ẹ ní kí èèyàn rà. Dókítà olóyún kan ló gbéra ní Èkó, ó forí lé New York pẹ̀lú ewéko tó wá láti ayé mìíràn, èyí tí òfin ò gbà láyè. Kì í ṣe ìwé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kò sí ìṣekúṣe níbẹ̀ o, ọ̀rọ̀ ẹnubodè, ìwé ìrìnnà àti ìwọ́de ló gba inú rẹ̀, á sì sú ọmọdé kíá.

Ibi tí a ti ń wo gbogbo èyí kò jìnnà. Ẹ ṣí ojú ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé sí, ní iwájú tàbí lẹ́yìn pátápátá. Wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà àwọn pẹlẹbẹ tí ìdì náà kó jọ síbẹ̀. Pẹlẹbẹ kan kì í sábà ju ogún sí méjìlélógún ojú ìwé ìtàn lọ. Bí iye owó tí ẹ kọ bá jẹ́ ti pẹlẹbẹ, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, nítorí òǹkàwé á rò pé odindi ìwé ni. Kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó yà á, ẹni tó kun ún àti ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Bí a bá dárúkọ òǹkọ̀wé nìkan nínú kọ́míìkì, ó dà bí ẹni ṣàlàyé oúnjẹ tó sọ̀rọ̀ iyọ̀ tó gbàgbé ọbẹ̀.

Fún àwọn ọmọdé, Iyanu: Child of Wonder ni mo máa fi ṣáájú. Roye Okupe ló kọ ọ́, Godwin Akpan ló yà á, ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé Dark Horse ní Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní 2021. Ìtàn ọmọbìnrin aláìlóbìí kan ni, aṣọ, orúkọ àti àṣà ilẹ̀ Yorùbá ló sì wà lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Láti oṣù kẹrin 2025 tí wọ́n ti sọ ọ́ di eré àwòrán lórí Cartoon Network, àwọn òbí á máa wá ìwé náà kiri. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó lè ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa á gbádùn ẹ̀, àmọ́ apá kìíní ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Malika: Warrior Queen, tí Okupe kan náà kọ tí Chima Kalu sì yà, ogun ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ló kún inú rẹ̀, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀.

Ó wu èmi kí ẹ nawọ́ dé Brazil. Hugo Canuto, ọmọ Salvador ní Bahia, ya àwọn òrìṣà ní 2016 bí ayàwòrán kọ́míìkì Jack Kirby ṣe máa ń ya àwọn akọni Amẹ́ríkà. Àwòrán yẹn làwọn èèyàn fẹ́ràn títí tó fi di ìwé Contos dos Orixás. Èdè Potogí kò gbọdọ̀ lé òǹkàwé Yorùbá sá: ẹ sọ fún un pé x wọn ni ṣ wa, á rí i pé Xangô, Oxum, Exu àti Oxóssi ti ń dá a lóhùn fúnra wọn.

Ẹ máa wò ó pé Potogí ní àmì tirẹ̀, wọ́n sì fi í sí i. Àwa ńkọ́? "Iyanu" tó wà lára èèpo ìwé Okupe kò ní àmì kankan lórí. Ilé-iṣẹ́ Comic Republic ní Èkó, tó ti ń gbé àwọn akọni jáde láti 2013, ní ọ̀kan tó ń jẹ́ Eru. Ẹ̀rù tó ń ba èèyàn ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹni tó bá rí i láìsí àmì lè pè é ní ẹrú, tàbí ẹrù orí. Orúkọ nìyẹn, a lè gbójú fò ó. Ṣùgbọ́n kọ́míìkì tí wọ́n bá fi Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ ẹnu inú rẹ̀ kò ṣeé gbójú fò. Ẹ fojú inú wo àpótí àwòrán kan: ọmọdékùnrin ń sáré bọ̀ láti ẹnubodè ìlú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, bàlúùnù ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ ní igun ṣóńṣó ṣóńṣó, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé OGUN N BO. Ṣé ogun ló ń bọ̀ ni? Ṣé Ògún fúnra rẹ̀ ni? Àbí ogún èèyàn ló ń bọ̀? Nínú ìtàn tí òrìṣà ti ń rìn láàárín èèyàn, gbogbo rẹ̀ ló ṣeé ṣe, àwòrán ò sì lè gbà wá.

Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń fà á ní gbogbo ìgbà. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì kọ́míìkì (ìyẹn àwọn lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé), lẹ́tà ńlá nìkan ni wọ́n fi ṣe é, Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn èdè ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù sì ni wọ́n ṣe é fún. À àti É wà níbẹ̀. Ẹ, Ọ àti Ṣ kì í sí. Bí ẹ bá tẹ Ọ, kọ̀ǹpútà á lọ yá a nínú fọ́ǹtì mìíràn, ẹ ó sì rí lẹ́tà líle kan tó dúró gbagidi láàárín àwọn tó dà bí ẹni pé ọwọ́ ló kọ wọ́n. Tí Ọ bá tiẹ̀ wà, Ọ́ àti Ọ̀ ṣì jẹ́ ìṣòro. Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, fún Ẹ, Ọ àti Ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n Ẹ́ àti Ọ̀ kò ní. Ńṣe là ń gbé àmì ohùn lé lẹ́tà náà lórí. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ ibi tí àmì yẹn ń jókòó á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó gún orí lẹ́tà bọ inú rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Èyí tó rọrùn jù ni kí wọ́n lo fọ́ǹtì tó gba Yorùbá tán, irú Noto Sans. Kò lẹ́wà bí ìkọ̀wé kọ́míìkì, àmọ́ ó ṣeé kà. Èkejì ni kí wọ́n ṣí fọ́ǹtì náà nínú FontForge, ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí wọ́n ya àwọn lẹ́tà tó ṣẹ́kù, kí wọ́n sì sàmì sí ibi tí ohùn máa jókòó lórí fáwẹ́lì kọ̀ọ̀kan, àti lórí N àti M tó ń gba àmì ohùn. Kí wọ́n kọ́kọ́ ka ìwé àṣẹ fọ́ǹtì náà o. Àwọn kan kò gbà kí a fọwọ́ kàn án. Èyí tí mi ò fẹ́ ni ti àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ láìsí àmì, tí wọ́n á wá máa fi ọwọ́ fa àmì lé e lórí níkẹyìn. Ó máa ń dára títí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò á fi yí ọ̀rọ̀ kan padà. Ọ̀rọ̀ á sún sápá òsì, àmì á dúró síbi tó wà, ohùn ẹni ẹlẹ́ni á sì bọ́ sórí fáwẹ́lì ẹlòmíì. (Àwọn tó ṣì ń fi pẹ́ẹ̀nì àti yíǹkì kọ ọ́ kò mọ gbogbo ìyọnu yìí.)

Ààyè tún ni nǹkan. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ní ìwọ̀n 8 (póìǹtì ni a fi ń wọn lẹ́tà) lè wà lórí ìlà tó ga ní 9, nítorí kò sí nǹkan lókè, kò sí nǹkan nísàlẹ̀. Yorùbá ní àmì lókè àti ẹsẹ̀ nísàlẹ̀. Bí ìlà kò bá tó 11, ẹsẹ̀ Ọ tó wà lókè á gún àmì Ẹ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìlà mẹ́ta tó ń gba 27 ti di 33 nìyẹn, bàlúùnù á sì fi bí ìdá kan nínú márùn-ún ga sí i. Bí ayàwòrán kò bá ti fi ààyè yẹn sílẹ̀ nígbà tó ń fi pẹ́ńsù là á, bàlúùnù á bo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn á dín lẹ́tà kù sí 6 kó lè wọlé, ẹni tó ń kà á lórí fóònù á sì máa fún ojú pọ̀.

Ibi ìtẹ̀wé ló tún lè bà á jẹ́. Dúdú nìkan ló yẹ kí wọ́n fi tẹ ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fi yíǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ ẹ́ nítorí kó lè dú dáadáa, tí bébà sì yẹ̀ díẹ̀ pẹ́rẹ́, etí lẹ́tà á yọ pupa tàbí búlúù. A ṣì máa rí lẹ́tà. Ẹsẹ̀ abẹ́ Ọ, tí kò tó ìlàjì mìlímítà ní ìwọ̀n 8, ló máa pòórá. Lẹ́tà funfun lórí ilẹ̀ dúdú tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tó yin ìwé kan, ẹ wá ojú ìwé tí ìtàn ti bọ́ sí òru, ẹ gbé e sún mọ́ ojú, ẹ wo ẹsẹ̀ Ẹ, Ọ àti Ṣ. Bí ẹ bá rí wọn níbẹ̀, ẹ ó rí wọn níbi gbogbo. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àárín rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í là tán bí èyí tí wọ́n fi pín-ìn gún láàárín, àwòrán tó gba ojú ìwé méjì sì máa ń fi ìmú ẹni tó wà láàárín sínú kòtò.

Ìró inú kọ́míìkì náà ńkọ́? Kí ló dé tí ìbọn tó dún nínú ìtàn Ìbàdàn fi ń dún BANG? Gbàù ló ń dún. Ẹni tó sanra ṣubú gbì, ìkòkò fọ́ yángá, mànàmáná kọ yẹ̀rì. Èdè wa tiẹ̀ ń fi ohùn sọ bí nǹkan ṣe tóbi tó: róbótó kéré, ròbòtò tóbi. Ẹni tó bá yọ àmì kúrò lára irú ọ̀rọ̀ báyìí ti yọ àwòrán kúrò. Kì í sì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Àwọn tó ti dàgbà rántí Atọ́ka: fọ́tò àwọn eléré orí ìtàgé ni, Yorùbá sì ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ẹnu kálukú wọn, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló ń rà á.

Bí ẹ bá fẹ́ fi àwòrán kan han òǹkàwé, ẹ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó tẹ ìwé náà, kí ẹ sì mú àpótí kan ṣoṣo. Ẹ má fún odindi ojú ìwé mọ́ àyè tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, torí bébà ìwé ìròyìn máa ń fa yíǹkì mu, àwọn ẹsẹ̀ àti àmì tí mò ń sọ yìí ló sì máa ń kọ́kọ́ gbé mì.

Èmi ni tiyín,
Ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ sínú kọ́míìkì,
Ìbàdàn