Ẹ má tíì sin oògùn èèmọ́ inú ẹ̀jẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa àrùn foníkú-fọ̀ladìde, pé ọ̀nà tí oògùn crizanlizumab fi ń tọ́jú rẹ̀ ti kú. Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ kọrọdọ bíi dòjé ló ń dí ojú iṣan. Òótọ́ ni, àmọ́ ó ku apá kan. Káyọ̀dé ọmọ mi ti pé ọdún 19 báyìí, orúnkún ni ìrora tiẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, àgàgà tí òjò bá pa á.

Télọ̀ ni mí ní Òjúwòyè. Aṣọ iléèwé tí wọ́n ń gbé wá fún àtúnṣe kì í ṣaláìní èèmọ́ lára. Ẹyọ kan kò ṣòro í tu, àmọ́ tí wọ́n bá ti gbá ara wọn mú, ẹnu àpò ṣòkòtò gan-an kì í ṣí mọ́. Àbúrò ọkọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ oògùn ní Ìdí-Àràbà ló fi í ṣàpèjúwe fún mi: “Ìyàwó wa, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ náà ní èèmọ́ tirẹ̀.” P-selectin lorúkọ rẹ̀. Ó máa ń fara pamọ́ ni. Tí ara bá ti bínú, á yọ síta, ẹ̀jẹ̀ funfun àti pupa á lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀nà á dí.

Crizanlizumab, oògùn tí wọ́n ń fà sára bí omi, ló ń bo èèmọ́ yẹn. Ìwádìí kan lórí aláìsàn 198 jáde ní 2017: iye ìgbà tí ìrora líle mú àwọn tó gba ìwọ̀n oògùn tó ga jù lọ nínú ìwádìí náà fi nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 dín sí ti àwọn tó gba omi lásán. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2019. Ìwádìí mìíràn kò rí àǹfààní kan náà, ni Yúróòpù bá gba àṣẹ wọn padà ní 2023. Ẹ̀yin wá kọ ọ́ pé ọ̀nà yẹn ti kú.

Ṣé kíákíá báyìí ni? Èèmọ́ mìíràn ni natalizumab, oògùn fún àìsàn mìíràn, ń dí. Wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní 2005 nítorí àrùn ọpọlọ tó mú àwọn kan tó ń lò ó, ó sì padà ní 2006 pẹ̀lú ìṣọ́ra. (Ọ̀ràn tiẹ̀ yàtọ̀, mo mọ̀.)

Èyí tó dùn mí jù ni pé Amẹ́ríkà, Brazil àti Jamaica ni wọ́n ti ṣe ìwádìí 2017 yẹn. Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ń bí àwọn ọmọ ẹlẹ́jẹ̀ SS jù láyé, kò sí níbẹ̀.

Tí ẹ bá tún fọ̀rọ̀ wá dókítà lẹ́nu wò, ẹ bá mi bi í bóyá wọ́n ń gba orúkọ fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Káyọ̀dé ní kí n fi orúkọ òun sílẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ mu omi rẹ̀ tán.

Ìyá Káyọ̀dé,
Òjúwòyè, Mushin.