Ohun tí ẹ̀rọ kì í bá wa kà

Mákùn, Ṣágámù.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú iṣẹ́, o kú òtútù ìlú òyìnbó. O ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti sú ọ, pé kò ju kí èèyàn máa kọ nǹkan sínú ṣáàtì, ìwé àkọsílẹ̀ aláìsàn, lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mi ò ní bá ọ jiyàn lórí owó, tàbí lórí iye aláìsàn tí wọ́n ń kó sí ẹnì kan lọ́rùn. Ṣùgbọ́n inú ṣáàtì yẹn gan-an ni ìtumọ̀ iṣẹ́ wa wà, bí a bá fi ojú àti ọwọ́ wa kọ ọ́.

Wo mímí. Òun ni wọ́n ń fi irọ́ kọ jù: 20 fún gbogbo ibùsùn, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀rọ ń ka BP, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ó ń ka ìlù ọkàn, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù, mímí ń fẹ́ kí èèyàn dúró kà á. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ń mí ní ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí wọ́n gbé wá láti ibi tí ọkọ̀ ti forí sọra ní oríta Ṣágámù, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sí nínú, BP rẹ̀ lè ṣì dára nígbà tí mímí rẹ̀ ti kọjá 24. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ń fún pọ̀, ọkàn ń sáré, kí BP má baà já wálẹ̀. Ìgbà tó bá fi já, ẹ̀jẹ̀ tó ti lọ ti pọ̀. Torí náà, di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni ń ka ìlù ọkàn, má sọ pé mímí lò ń kà, torí ẹni tó bá mọ̀ á yí i padà. Wo àyà rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan. Kíka ìdajì ìṣẹ́jú kò ṣeé gbọ́kàn lé bí mímí kò bá dọ́gba. Bó bá tó 25, pe dókítà. Má dúró de BP.

Yíyí aláìsàn ńkọ́? Ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, wákàtí méjì-méjì la ń yí i, kí ìdùbúlẹ̀ sójú kan má baà dá egbò sí i lára. Fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn rẹ̀ kó dagun bí digirí 30, kí egungun ìbàdí má gba gbogbo ìwúwo, kí o fi òmíràn sábẹ́ ẹsẹ̀ kí gìgísẹ̀ má kan ibùsùn. Láti mọ̀ bóyá egbò ti fẹ́ yọ, ìwé ní ká wá ibi tí awọ ti pọ́n. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn kì í sábà hàn. Ọwọ́ ló ń rí i. Fọwọ́ kan egungun ìdí, fi wé awọ tó yí i ká. Bó bá gbóná jù, tó le, tàbí tó rọ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, egbò ti ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Má jẹ́ kó fi ibẹ̀ sùn mọ́, má sì fọwọ́ ra á, torí ìyẹn ń ba ẹran abẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Kò sí ẹni tó máa yìn ọ́ nítorí egbò tí kò yọ. Síbẹ̀, ẹni tí kò ní egbò ìdí lè jókòó, ẹni tó lè jókòó á tètè kọ́ bí a ṣe ń dìde. Níbí, ẹbí ló sábà ń bá wa ṣọ́ aláìsàn lóru. Nígbà tí ìyá kan láti Ìkẹ́nnẹ́ bá mọ bí a ṣe ń fi aṣọ ibùsùn gbé ọkọ rẹ̀ sókè dípò kó wọ́ ọ, torí wíwọ́ ló ń bó awọ, ìmọ̀ yẹn á bá wọn délé. Èmi ò mọ iṣẹ́ tó níyì jù ú lọ.

Ẹ ní ibùsùn afẹ́fẹ́ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò gba yíyí lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Báwo lẹ ṣe ń yẹ awọ aláwọ̀ dúdú wò ní wọ́ọ̀dù yín? Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, kí n fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.