Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́

Houston, ọjọ́ Àìkú

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo délé? Ilé yìí dákẹ́ jù látìgbà tí o ti padà sí Abẹ́òkúta. Èmi nìkan ni mo ń dá mu ògì. Fadékẹ́ ti ríṣẹ́. Mọ́tò mi tún ti bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó sójà ọ̀hún ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. O mọ̀ pé VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ti ṣe sójà rí, ti fún mi ní ìwọ̀n àìlera 30 nínú 100 lórí MS yìí, àìsàn ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń bá mi jà, èyí tó kéré jù tí òfin wọn gbà. Ọdún 7 ni òfin fi sílẹ̀ kí àìsàn yìí fojú hàn lẹ́yìn téèyàn bá bọ́ aṣọ sójà. Ọdún karùn-ún ni tèmi fojú hàn. Àwọn ọmọ tí MS wá bí sí mi lára ni mo ń béèrè fún báyìí: ìtọ̀ tí kò gbọ́ tèmi mọ́, àti ọkàn tó ń wúwo láràárọ̀.

Dókítà kọ ọ́ pé MS "lè" fà á. Ẹni tó ń bá mi to ìwé ní "lè" ò tó, àfi kó kọ pé, ó kéré tán, ìdajì-ìdajì ni. Ìṣirò wọn ńkọ́? Àìlera 50 àti àìlera 30 kì í jẹ́ 80! Nínú 50 tó ṣẹ́ kù lára rẹ ni wọ́n ti ń mú ìdá 30 náà, á di 65, wọ́n á wá gbé e sí 70. Kí alátà kan dán irú ẹ̀ wò ní Kútọ̀!

Pádì ni wọ́n fi ń wọn ìtọ̀. Tó o bá ń pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́rin lójúmọ́, 40 ni. Tó bá ju mẹ́rin lọ, 60. Èmi tí mo ka ọta ìbọn rí, pádì ni mò ń kà sínú ìwé. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo wá jókòó sí báluwẹ̀, mi ò lè dìde.

Dókítà ò kúkú bá mi gbélé. Wọ́n ní ẹni tó bá fojú rí i lè kọ̀wé, kò dìgbà tó bá ṣe sójà. Oṣù mẹ́ta lo lò lọ́dọ̀ mi. Ìwọ lo ń gbọ́ ẹsẹ̀ mi lóru, ìwọ lo fọ aṣọ ibùsùn tí mo fẹ́ fi pamọ́.

Èmi náà ni mo ní kó o búra pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ Sìsí Bólá. O da Maltina sí mi ní léèsì, o kígbe pé ọwọ́ rẹ ló yọ̀, gbogbo tábìlì sì bú ọ. Mi ò tíì dúpẹ́ tó.

Jọ̀ọ́, kọ ọ́ fún wọn. Kọ ọ́ pé léèsì yẹn ti tutù kí Maltina tó débẹ̀.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́