Katapílà Ti Pa Ebè Ayé Ọjọ́un Rẹ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí inú ń bí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, bí mo ṣe ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, mo rí katapílà méjì nínú pápá koríko tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa ní Midlands, àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Nígbà tí mo fi máa jí lọ́sàn-án, pápá ọ̀hún ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ebè tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń fi màlúù túlẹ̀ ni wọ́n tú ká lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé apá ibí mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin gba Northamptonshire, Leicestershire tàbí Warwickshire kọjá, ẹ ó rí pápá tí àgùntàn ti ń jẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ ga síbí tó rẹlẹ̀ sọ́hùn-ún bí ìgbì omi. Ebè àti poro ni. Ọmọ àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ni mí, bàbá mi ló kọ́ mi ní ebè kíkọ, ojú mi kò lè ṣì í. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, yìnyín díẹ̀ bọ́ lóru ọjọ́ kan. Nígbà tí oòrùn yọ láàárọ̀, gbogbo poro pápá náà hàn kedere. Mo dúró létí ọgbà, omi bọ́ lójú mi. Àfi bíi pé oko bàbá mi ni mò ń wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ebè tiwọn fẹ̀ ju tiwa lọ púpọ̀, òmíràn tó mítà 8.

Ohun ìtúlẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé ọjọ́un, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń da ilẹ̀ sí. Bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lórí ilẹ̀ tóóró kan náà lọ́dọọdún, erùpẹ̀ ń kó jọ sí àárín, ẹ̀gbẹ́ ń jìn, omi òjò sì ń rí ibi gbà. Màlúù tó ń fà á lè tó 8, wọn kò sì lè ṣẹ́rí padà lójijì, wọ́n ní láti máa yà díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó dé òpin oko. Ìdí rèé tí ebè wọ̀nyẹn fi tẹ̀, tí wọn kò gún gbọọrọ. Furlong tí wọ́n fi ń wọn eré ẹṣin títí dòní, gígùn poro ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1348 sí 1349 pa àgbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Nígbà tó yá, àwọn onílẹ̀ rí i pé owó wà nínú irun àgùntàn, wọ́n sọ oko di pápá koríko. Koríko yẹn ló pa ebè mọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba ní kí wọ́n ro irú pápá bẹ́ẹ̀ kí oúnjẹ lè wà, ọ̀pọ̀ ebè sì bá a lọ. Díẹ̀ tó ṣẹ́ kù ni wọ́n wá ń fi katapílà tẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo!

Mo pe àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ. Wọ́n ní pápá lásán ni. Pápá lásán kẹ̀? Ká ní ilé olódi ọba ni, wọn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ òkúta kan níbẹ̀. Oko àwọn tó bọ́ ọba ńkọ́?

Ẹ wo abúlé Laxton ní Nottinghamshire. Wọ́n ṣì ń ro oko ńlá mẹ́ta ibẹ̀ ní tóóró-tóóró bí ti àtijọ́. Lọ́dọọdún, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n yàn máa ń rìn yí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin wíìtì sí láti wo ààlà, ẹni tó bá ro kọjá ààlà rẹ̀ á sanwó ìtanràn. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan èèyàn bíi méjìlá, kí wọ́n fi àwa tí a ti ilé wá mọ́ ọn, nítorí a mọ ebè. Kí wọ́n máa rìn yí gbogbo pápá elébè lóṣù Kejìlá, nígbà tí oòrùn rẹlẹ̀ tí poro ń hàn, kí wọ́n kọ ọ́ sórí máàpù. Kí katapílà kankan má sì wọlé láìjẹ́ pé káńsù ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn ní gbangba. Kí ìjọba máa fún àgbẹ̀ tó bá jẹ́ kí koríko wà lórí ebè lówó. Kí wọ́n ri pátákó àlàyé síbẹ̀. Kí àwọn olùkọ́ máa kó àwọn ọmọ wa lọ wò ó.

Pápá elébè kan péré ló kù ládùúgbò wa, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Lánàá, mo rí i pé wọ́n ti kan pátákó títà mọ́ ọgbà rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn,
Midlands, Ìlú Ọba.