Màlúù mélòó ni ilẹ̀ wa lè bọ́?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Látìgbà táwọn gómìnà Gúúsù ti pàdé ní Asaba lóṣù karùn-ún 2021 tí wọ́n ní kí dída màlúù káàkiri dópin, títí dé 2024 tíjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn, ta ló máa nilẹ̀ ránǹṣì, ìyẹn ọgbà tí wọ́n ti ń sin màlúù lójú kan, àti ta ló máa sanwó ẹ̀ la ṣáà ń jà lé lórí, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé màlúù mélòó gan-an ni koríko orí ilẹ̀ ọ̀hún lè bọ́ yípo ọdún. Ìyẹn ló ń ká mi lára.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Màlúù tó wọn kílò 250 máa ń jẹ tó kílò 6 koríko gbígbẹ lójúmọ́, ó ju tọ́ọ̀nù 2 lọ lọ́dún. Kò sì yẹ kó jẹ ju ìdajì ohun tó hù lọ, torí ewé tó bá ṣẹ́ kù ni koríko fi ń bọ́ gbòǹgbò ara ẹ̀, ẹ̀bù ni ìdajì yẹn, ẹni tó bá jẹ ẹ́ tán kó má retí nǹkan kan lámọ́dún. Tí hẹ́kítà kan bá wá mú tọ́ọ̀nù 4 àtààbọ̀ jáde, màlúù kan péré náà nìyẹn o! Ẹni tó ní 50 ńkọ́?

Òjò ló ń tàn wá jẹ. Lóṣù keje, eèsún ga ju èèyàn lọ lójú ọ̀nà Ìlobù, gbogbo ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, wọ́n á ní ilẹ̀ yìí gba 100 màlúù dáadáa, tó bá wá di oṣù kìíní, eèsún yẹn náà ti gan, kò sí ṣaralóore nínú ẹ̀ mọ́, màlúù á jẹ ẹ́ yó á sì tún máa rù. Iye tí ẹ̀ẹ̀rùn bá lè gbà ló yẹ ká kó síbẹ̀. Ibì kan wà lẹ́yìn ìlú níbí tí wọ́n kó ẹran jọ sí jù fún ọdún díẹ̀, ilẹ̀ ẹ̀ ti le gbagidi, òjò ń rọ̀ ó kàn ń ṣàn lọ ni, eèsún ti kú, ewé Akíntọ́lá ló gba gbogbo ẹ̀, màlúù kì í sì í jẹ ìyẹn.

Ọgbọ́n kúkú wà. Ká pín ilẹ̀, kí apá kan máa sinmi bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 nígbà òjò kí ẹran tó padà síbẹ̀, ká gbin agúnmániyé, igi tẹ́ran ń jẹ ewé ẹ̀, sẹ́bàá ọgbà de ẹ̀ẹ̀rùn, ká sì ta àwọn tó pọ̀ jù nígbà tára wọn ṣì ń dán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún ìjọba Ọ̀ṣun: kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni níwèé àṣẹ ránǹṣì, kí òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ síbẹ̀ níparí òjò, kó wọn mítà kan níbùú lóròó, kó gé koríko ibẹ̀, kó sá a gbẹ, kó gbé e sórí ìwọ̀n. Gíráàmù 450 níbẹ̀, tọ́ọ̀nù 4 àtààbọ̀ nìyẹn lórí hẹ́kítà. Kí wọ́n ṣe é káàkiri ilẹ̀ náà, kí wọ́n kọ iye màlúù sínú ìwé àṣẹ, kí wọ́n sì máa padà wá wọ̀n ọ́n lọ́dọọdún, torí òjò èṣí kọ́ ni tọdún yìí.

Èmi ni tiyín,
Àgbẹ̀ kan ní Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo.